Orúkọ Kejì Nínú Rẹ́jísítà Yàrá Òtútù

Ìyá Yìnyín kú ní Ọjọ́bọ̀ kan, láàárín aago mọ́kànlá sí méjìlá ọ̀sán, nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ, níbi iṣẹ́ tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló rí i. Ó ní ńṣe ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, ìbọ̀wọ́ tó nípọn ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́ tó sì ní kóun sinmi díẹ̀. Kí dókítà tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ gbé ìwé jáde. Gbogbo ẹ̀ kò ju ìlà mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn ọ̀wọ́n ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kò sí òfin ààbò kankan tí àwọn kò tẹ̀ lé. Wọ́n ní ẹ̀rí wà: èèyàn méjì ló wọ yàrá òtútù lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà nínú rẹ́jísítà.

Irọ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé. Bí mo ṣe mọ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí ẹ̀rín púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn, tí mo ń gbé e jí, kò sì fúyẹ́ sí i.

Ilé-iṣẹ́ náà ń wá oògùn àrùn ẹ̀jẹ̀ kan. Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń wá a, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó para pọ̀ di ara gbogbo wa, tí ojú lásán kò lè rí. Kí sẹ́ẹ̀lì má baà kú, inú àgbá òtútù ni wọ́n ń kó wọn sí, àgbá tí wọ́n máa ń bu náítírójìn kún. Náítírójìn yìí, afẹ́fẹ́ ni, òtútù ni wọ́n fi sọ ọ́ di omi. Òtútù rẹ̀ kì í ṣe ti fíríjì tó wà nílé yín. Tó bá kan awọ ara, ńṣe ló ń bó o bí iná. Èyí tó wá burú jù ni pé tó bá ń jò, ó máa ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde kúrò nínú yàrá, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Èèyàn kò ní fura tí yóò fi ṣubú. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ ibẹ̀. Ẹni méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́: ọ̀kan á máa ṣiṣẹ́, èkejì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó.

Iṣẹ́ ìyá yẹn ni láti máa bu omi òtútù yìí sínú àwọn àgbá, òun la ṣe ń pè é ní Ìyá Yìnyín. Ó dé ilé-iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì jẹ́ yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ó bá wọn kó lọ sí ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n wà báyìí, ó di àwọn àgbá náà mú nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò dé òpin, kò jẹ́ kí awakọ̀ sáré. Láràárọ̀, tó bá ṣí ilẹ̀kùn, á kí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, á béèrè bóyá wọ́n sùn dáadáa. Ó ní àwọn nìkan ni ọmọ tí òun tọ́ tí kì í fèsì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí fúnra rẹ̀, obìnrin ni, aránṣọ, ẹnu ọmọ náà sì mú dáadáa, nítorí náà ó mọ ohun tó ń sọ.

Èmi ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ ọ̀rọ̀ dídùn: ti orí ìkànnì, ti ara ògiri, ti ẹnu ọ̀gá àgbà. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, mo kọ ọ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì wa ń sinmi nínú òtútù. Ìyá Yìnyín kà á lára ògiri, ó wá mi wá sídìí tábìlì mi. Ó ní, “Akọ̀wé, wọn ò sinmi o. Wọ́n ń dúró ni. Tí ẹni tó ń tọ́jú wọn bá gbàgbé wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó parí.” Ó mú mi lọ sí láàbù, ó jẹ́ kí n wo sẹ́ẹ̀lì kan nínú awò tó ń sọ nǹkan tíntìntín di ńlá, ó dúró tì mí bí ẹni tó ń fi ọmọ ọmọ rẹ̀ hàn mí. Mi ò rí ju àmì róbótó díẹ̀ lọ. Mo ní wọ́n dáa. Ó mọ̀ pé n kò rí nǹkan kan, ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Oògùn àkọ́kọ́ kùnà. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, oògùn púpọ̀ ló ń kùnà káàkiri ayé. Èyí tí mi ò lè dárí jì wọ́n ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Kàkà kí wọ́n jókòó kí wọ́n bá ara wọn sọ òótọ́, wọ́n sọ òótọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Láràárọ̀ la máa ń dúró yí pátákó kan ká. Tí iṣẹ́ ẹ̀ka rẹ bá ń lọ dáadáa, wàá lẹ káàdì aláwọ̀ ewé. Tí kò bá lọ dáadáa, pupa ni. Nígbà tí pupa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ọ̀gá àgbà ní wọ́n ń mú ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dé, a ò rí káàdì pupa kankan mọ́ nínú àpótí. Aláwọ̀ ewé nìkan ló kù. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dáadáa.

Ìyá Yìnyín lọ sílé, ó gé páálí bísíkíìtì, ó fi íǹkì kùn ún ní pupa, ó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ yàrá òtútù. Ọ̀gá àgbà, tí kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Màmá wa, ẹ máa gbìyànjú láti rí èyí tó dáa náà.” Ìyá Yìnyín dá a lóhùn pé, “Mò ń rí i, sà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wà dáadáa. Páìpù ló ń jò.” Àwa kan rẹ́rìn-ín sínú. Kò sẹ́ni tó gbè é lẹ́sẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, páálí ti kúrò níbẹ̀, páìpù sì ń jò lọ.

Ara ògiri tó kọjú sí pátákó yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: Ẹbí ni wá. Èmi ni mo ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì yìn mí fún un. Ẹbí wo? Ẹbí wo ló ń fi gétì lé ọmọ rẹ̀ jáde? Ní ọjọ́ Ajé kan, káàdì ìwọlé èèyàn mẹ́tàlélógún kò ṣí gétì mọ́. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ń bá Ìyá Yìnyín wọ yàrá òtútù láti ọdún mọ́kànlá. Ó rò pé ìdọ̀tí ló wà lára káàdì. Ó ń nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó ń fi kan ẹ̀rọ, ó tún ń nù ún. Ìyá Yìnyín wà nínú ọgbà, ó rí i, ó sì fẹ́ fi káàdì tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Ọkùnrin sikiọ́rítì rọra dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ tiyín náà mọ́ wọn.” Àwọn méjèèjì wo ara wọn láàárín irin gétì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ juwọ́ sí i, ó sì lọ.

Ta ni yóò wá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ìbéèrè tí Ìyá Yìnyín gbé lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìyẹn, nítorí pé wọ́n ti lé máníjà ààbò náà, wọ́n sì ti da iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ti obìnrin yìí. Obìnrin náà kò fẹ́ ibi, mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣí ìwé òfin, ó kà á, ó ní orúkọ méjì ni òfin sọ pé kó wà nínú rẹ́jísítà, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lè bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Òfin ní kí èèyàn méjì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di orúkọ méjì.

Láti ọjọ́ yẹn ni rẹ́jísítà yàrá òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ilé. Ìyá Yìnyín á gbé e dání, á máa wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò fọwọ́ sí i. Olùṣírò owó fọwọ́ sí i. Awakọ̀ fọwọ́ sí i lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Èèyàn tí kò mọ ọ̀nà yàrá náà rí, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ pé òun ni ó dúró ti ìyá náà. A sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. A óò ní, “Màmá, ẹ tún ti gbé ìwé ìgbéyàwó yín dé.” Ó máa ń bá wa rẹ́rìn-ín, á sì lọ dá wọ ibi tí òfin ní kò gbọdọ̀ dá wọ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ì bá gbà á là. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri yàrá náà tó máa ń han gooro tí afẹ́fẹ́ bá ti ń dín kù. Nítorí pé páìpù ń jò, ó máa ń han lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn olówó kan fẹ́ wá wo ilé-iṣẹ́ náà bóyá wọ́n á dáwó lé e, ọ̀gá àgbà ní òun ò fẹ́ ariwo. Wọ́n ní kí oníná yọ ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní tí àlejò bá ti lọ, wọ́n á dá a padà. Àlejò lọ. Wọn kò dáwó lé nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá lórí òṣìṣẹ́, òun àti páálí tíì kan tó ti ṣófo. Mo fojú ara mi rí i níbẹ̀.

Ìyá Yìnyín béèrè rẹ̀ lẹ́nu títí. Lẹ́yìn náà ó kọ lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo mọ ohun tó wà nínú wọn, nítorí ọ̀dọ̀ mi ló kó wọn wá kí n bá a tún èdè wọn ṣe. Ohun tó kọ ni pé tí wọn ò bá dá ẹ̀rọ yẹn padà, èèyàn máa kú síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Màmá, ẹ ò lè kọ irú èyí sí ọ̀gá àgbà. Mo yọ ikú kúrò níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé àìsí ẹ̀rọ náà lè mú ìnira díẹ̀ bá iṣẹ́. Ó kà á, ó ní ó dùn létí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́bọ̀ yẹn wá pé. Ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ kọjá. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ kan nípa bí inú òṣìṣẹ́ wa ṣe ń dùn sí iṣẹ́, mo sì ti gbé fóònù sétí mọ́ ọn. Ìyá Yìnyín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi pẹ̀lú rẹ́jísítà. Mo na ọwọ́ gba bíró, mi ò gbójú sókè, mo kọ orúkọ mi sí ìlà kejì. Ó ní, “O ṣeun, Akọ̀wé. Páìpù yẹn ò dáa rárá lónìí. Tí o bá rí i pé mo pẹ́, wá wò mí.” Mo mi orí sí i. Mo mi orí, mo sì padà sẹ́nu fóònù. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, mo gbọ́ igbe obìnrin tó ń gbálẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Nígbà tí a sáré débẹ̀, ohun tí ọ̀gá kan kọ́kọ́ béèrè ni bóyá àgbá ti kún. Ó ti kún. Ìyá Yìnyín ti bu gbogbo wọn kún tán kó tó ṣubú. Títí di òní tí mò ń kọ ìwé yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn wà láàyè, sẹ́ẹ̀lì oògùn tó ti kùnà, tí kò sẹ́ni tó tún ń lò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹbí wa ṣe sìnkú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan níwájú pátákó. Mò ń wo aago ògiri. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tí ọ̀gá àgbà fi tún ọ̀fun ṣe, tó ní Màmá yóò fẹ́ kí a tẹ̀ síwájú. Ta ló sọ fún un? Wọ́n tún fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ síbi ìsìnkú kó yọ ọ́ nínú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Àwa tó lọ kò ju mẹ́rin lọ: obìnrin tó ń gbálẹ̀, ọkùnrin sikiọ́rítì, èmi, àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí wọ́n ti lé, tó sì sunkún ju gbogbo wa lọ. Nínú àwọn ọ̀gá, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Ọdún mọ́kàndínlógún!

Lọ́jọ́ kẹta sí ìgbà yẹn, ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù ìyá rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó kọjá gétì. Inú àpò ọ̀rá ni wọ́n kó ẹrù náà sí fún un: kóòtù funfun, ife tíì, sálúbàtà. Ọmọ náà gbà á, kò pariwo. Mò ń bọ̀ láti ìta, mo sì bá a lẹ́nu gétì tó ń bá sikiọ́rítì sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹnì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú màmá mi. Mi ò fẹ́ bá onítọ̀hún jà. Mo kàn fẹ́ bi í léèrè ohun tí màmá mi sọ kẹ́yìn, àti ìdí tí kò fi fà á jáde.” Ọmọ náà yíjú sí mi, ó kí mi, ó béèrè bóyá mo mọ ẹni náà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kọjá lára rẹ̀, mo wọlé, mo jókòó sídìí tábìlì mi.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má yìn mí fún un. Ọwọ́ tó yẹ kí n fi ṣílẹ̀kùn ni mo fi kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, èdè rẹ̀ sì dùn.

Àbúrò mi, èmi ni. Orúkọ mi ló wà ní ìlà kejì. Mi ò sí níbẹ̀. Mo wà lókè, lórí àga, mò ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti fa màmá rẹ jáde, ìdí nìyẹn tí ẹnì kankan kò fi fà á jáde. Ara màmá rẹ yá, ó gun àtẹ̀gùn wá bá mi láìmí gúlegúle. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé kí n wá wo òun, mo sì gbàgbé. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ohun tí o béèrè ni mo dá ọ lóhùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ó ku ẹ̀yin. Ẹ gba ìwé onílà mẹ́sàn-án yẹn padà, kí ẹ sì kọ òmíràn tó sọ pé Ìyá Yìnyín nìkan ló wà níbẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ lé ẹni tí ì bá dúró tì í, pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tí ì bá kígbe. Ẹ fi lẹ́tà méjèèjì hàn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ gbà wọ́n. Ìjọba náà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, a máa ń rí pátákó orúkọ wọn lójú títì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò tíì yọjú. Kí ni wọ́n ń dúró dè? Kí wọ́n gba rẹ́jísítà yẹn kí ilé-iṣẹ́ tó sọ ọ́ nù, kí wọ́n ṣí i láti ọjọ́ tí wọ́n lé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí wọ́n pe gbogbo wa tí orúkọ wa wà ní ìlà kejì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi wá ní ibi tí a wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi àwọn tó kọ́ wa ní irọ́ náà ní ibi tí àwọn wà. Mo ti kọ àdírẹ́sì mi ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n má parí ẹ̀ sọ́dọ̀ mi.